Ẹni Tó Gba Owó Ilé, Àmánà Ilẹ̀kùn Ń Bẹ Lọ́rùn Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí korò díẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó kàn jù ni àwọn àgbà tí a jọ ń dúró ní sáàfù kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wo ojú onílé nítorí àgbádá ọrùn rẹ̀, tí a kò wo ojú ọmọ ayálégbé tí kò rí oorun sùn, irú wàásù wo ni à ń ṣe?

Ohun tí a ń wí kò ju ẹyọ kan lọ. Onílé tí ó gba owó ilé lọ́wọ́ ènìyàn, tí kò bìkítà bóyá ilẹ̀kùn ilé náà ń tì tàbí kò tì, kò tíì fi ọjà tí ó tà lé oníbàárà lọ́wọ́. Owó ti dé ọwọ́ rẹ̀, ọjà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú èyí lọ́jà Bódìjà tàbí lọ́jà Mushin, gbogbo wa mọ orúkọ tí a ó pè é. Kí ló dé tí a fi ń pè é ní láńlọ́ọ̀dù nígbà tí ó bá jẹ́ ilé ni ó tà bẹ́ẹ̀?

KÍ NI AYÁLÉGBÉ Ń FI OWÓ RÀ?

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹni tí ó yá ilé gbé kò ra búlọ́ọ̀kù, kò ra páànù, kò sì ra ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá ń kó jáde, kò ní ká òrùlé mọ́ ẹrù. Kí wá ni ó fi owó rà? Ìsinmi ni. Ó ra ibi tí yóò fi orí lé lálẹ́ tí ẹ̀rù kò ní bà á, ibi tí ìyàwó rẹ̀ yóò ti lè ṣí ìborí tí ojú àjèjì kò ní tó o, àti ibi tí yóò kó ìwọ̀nba ohun ìní rẹ̀ sí kí ó tó jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́.

Nínú Súrà An-Nahl, ẹsẹ 80, Ọlọ́hun ka ilé mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí Ó lò níbẹ̀ ni 'sakan'. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kéwú ẹ mọ̀ pé ìyá kan náà ni ó bí i pẹ̀lú 'sakīna', èyí tí í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní ìparí Súrà Quraysh pẹ̀lú, nígbà tí Ọlọ́hun ń rán àwọn ará Mẹ́kà létí oore Rẹ̀, méjì ni Ó dárúkọ: Ó bọ́ wọn kí ebi má pa wọ́n, Ó sì dá ààbò bò wọ́n kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ẹ kò rí i pé ọ̀gbọọgba ni ààbò àti oúnjẹ jọ dúró?

Nítorí náà, owó ilé ọdún kan, owó òru 365 ni. Onílé tí ó gba owó ọdún kan sílẹ̀ ti jẹ ayálégbé rẹ̀ ní gbèsè oorun òru 365. Bí ó bá gba ti ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe, gbèsè di òru 730. Bí ilẹ̀kùn bá wá ń mì bí eyín arúgbó, tí gééti kò ní àgádágodo, tí ògiri ẹ̀yìnkùlé ti wó láti èṣín, èwo ni onílé náà san nínú gbèsè ọrùn rẹ̀?

OLÈ TÍ KÒ JÁ ILẸ̀KÙN

A mọ ìdílé kan tí ọmọ wọn méjì ń kọ́ kéwú lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gba fúláàtì oníyàrá méjì. Wọ́n san owó ọdún kan, wọ́n san owó àjẹ́ńtì, wọ́n san owó àgírímẹ́ǹtì, wọ́n sì tún fi owó kọ́ṣọ̀n lé e. Wọn kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n fi lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Àìkú kan, tí wọ́n sì dé bá ilé ní òfìfo. Kò sí ibi tí wọ́n ti já ilẹ̀kùn. Kò sí fèrèsé tí wọ́n fọ́. Ńṣe ni àwọn olè náà fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn bí ẹni tí ó ni ilé, wọ́n kó ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì tún tì í padà nígbà tí wọ́n ń lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìwádìí, a gbọ́ pé kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ṣáájú lò, tí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ náà lò, ni onílé fi lé wọn lọ́wọ́. Àjẹ́ńtì ní ọmọ kan. Kápẹ́ńtà tí ó tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ní ọmọ kan. Ta ni ó lè ka iye ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé náà ti dé?

Bàbá ilé náà tọ onílé lọ. Onílé ní kí ó lọ fi tó ọlọ́pàá létí, pé Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ni, kì í ṣe òun. Bàbá ní kí wọ́n ṣáà pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn. Onílé ní ohun inú ilé ni, kò kan òun. Bàbá ní òun yóò kó jáde, kí wọ́n dá owó oṣù mẹ́sàn-án tí ó kù padà. Onílé ní owó tí ó bá ti wọ àpò òun kì í jáde mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé àga ti ilẹ̀kùn lálaalẹ́. Ọmọbìnrin wọn, tí ohùn rẹ̀ máa ń já geere nígbà tí ó bá ń ké Àlùkùránì nínú kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé lórí wàláà. A kò bá a wí. Ẹni tí kò sùn lóru, ọ̀sán ni yóò sùn.

A kò dárúkọ onílé náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ onílé, a ó sì mú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"ỌLỌ́HUN NI Ó Ń ṢỌ́ NI"

Òtítọ́ ni. Ta ni yóò jiyàn rẹ̀? Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a fi bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ ti di irọ́ lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, èsì tí ó gbà ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì kan náà ni ó pa á láṣẹ fún wa pé bí ilẹ̀ bá ṣú, kí á ti ilẹ̀kùn wa, kí á sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i, nítorí pé èṣù kì í ṣí ilẹ̀kùn tí a ti pa dé. Ẹ wo bí ó ti so méjèèjì pọ̀: orúkọ Ọlọ́hun àti ilẹ̀kùn títì. Ẹni tí onílé bá fún ní ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì, báwo ni yóò ṣe tẹ̀lé Súnnà yìí?

Ẹ sì tún wo nǹkan mìíràn. Onílé tí ń sọ pé Ọlọ́hun ni ó ń ṣọ́ ni, ẹ lọ wo ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ògiri rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ. Irin wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ajá ń gbó, mẹ́gáàdì ń jókòó lẹ́nu gééti. Ràkúnmí tirẹ̀ ni ó so mọ́lẹ̀, ti ayálégbé ni ó fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́! Bí owó ilé bá sì pé ọjọ́ kan ju ọjọ́ tí a dá lọ, kò ní sọ pé Ọlọ́hun ni ó ń pèsè. Yóò kan ilẹ̀kùn ni, ilẹ̀kùn tí ń mì náà.

Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n tún ní olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ta ni ó ni ògiri? Ta ni ó ń gba owó lórí rẹ̀? Òun ni kí ó pa ẹnu ògiri dé.

"OWÓ ILÉ MI KÒ WỌ́N"

Èyí náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwáwí wọn, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ààbò, kí ó lọ sí Lẹ́kí. Àwa kò sọ pé kí onílé yàrá kan ṣoṣo fi ẹ̀rọ ayàwòrán sí gbogbo igun. Iye tí a san ni yóò sọ bí ilé yóò ti lẹ́wà tó. Ṣùgbọ́n pé kí ilẹ̀kùn máa tì kì í ṣe ẹwà. Ọ̀pọ́ǹ tí ó jò kì í ṣe ọpọ́n olówó pọ́ọ́kú, ọpọ́n tí kò wúlò ni.

Ohun tí ó burú jù ni ti onílé tí ó mọ̀ pé ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn tán, tí ó wá fi ọ̀dà tuntun bò ó nígbà tí àjẹ́ńtì ń mú ènìyàn bọ̀ wá wò ó. A rántí oníṣòwò ọkà kan ní ọjà Mẹ̀dínà. Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà rẹ̀, ó sì bá a pé inú rẹ̀ tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ kò sí lára wa. Ẹ̀yin onílé, ọ̀dà tí ẹ fi bo igi jíjẹ ni ọkà gbígbẹ tí ẹ fi bo tútù. Ẹ fi àléébù ilé hàn kí ẹ tó gba owó. Bí ẹni tí ń bọ̀ bá rí i tí ó sì gbà á bẹ́ẹ̀, ó di àdéhùn. Bí kò bá rí i, ẹ̀tàn ni.

"ILÉ MI NI"

Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́, tí wọ́n sì ń wọlé ayálégbé bí ó ti wù wọ́n nígbà tí kò bá sí nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí ó ti ń lo ilé àwọn. Kí irú wọn ka Súrà An-Nūr, ẹsẹ 27, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún onígbàgbọ́ òdodo kí ó wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ láìgba àṣẹ, láìsì kí àwọn ará ilé. Ẹ ó ní tiyín ni. Rárá o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gba owó, ògiri ni ó kù fún yín, gbígbé inú rẹ̀ ti di ti ẹni tí ó san owó. Ànábì bínú gidigidi sí ẹni tí ó yọjú láti ojú ihò wo inú ilé rẹ̀, ó sì là á yé e pé nítorí ojú ni a ṣe ṣe òfin pé kí á máa gba àṣẹ. Bí a bá kọ ojú nìkan fún àlejò, ẹ̀yin tí ẹ gbé odindi ara wọlé ńkọ́?

BAÁLÉ ÀNÁ ÀTI LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ ÒNÍ

Láyé àtijọ́, nínú agbo ilé ni a ń gbé. Ẹnu ọ̀nà agbo ilé kì í sábà pọ̀, baálé sì mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde. Àlejò tí ó bá fẹ́ wọ̀ sí agbo ilé, iwájú baálé ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀. Bí nǹkan bá sọnù, ọ̀dọ̀ baálé ni ẹjọ́ ń lọ. Kò gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ ni ẹrù wà.

Nígbà tí ìlú fẹ̀, tí iṣẹ́ kó wa lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, a di ará ilé ẹni tí a kò bá tan. Láńlọ́ọ̀dù wá jókòó sórí àga baálé. A ń kí i bí a ti ń kí baálé, a ń kúnlẹ̀ fún un, a ń gbé ẹran iléyá lọ fún un. Ó gba ọ̀wọ̀ baálé, ó sì fi owó lé e, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù baálé sọ̀kalẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbà wà nínú ilé, kí gééti ilé náà máa sùn ní ṣíṣí?

KÍ NI ÀWỌN ONÍMỌ̀ ÀTI ÒFIN SỌ?

Onílé kan tí ó ka ìwé díẹ̀ lè sọ fún wa pé nínú mazhab Imam Malik, èyí tí ọ̀pọ̀ àfáà ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé, àwọn onímọ̀ kan ní a kì í fi ipá mú onílé tún ilé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má pa ìwé dé síbẹ̀, kí ó kà á tán. Àwọn kan náà ni ó sọ pé bí àléébù bá dé bá ilé tí ó ń pa ayálégbé lára, ọwọ́ ayálégbé ni yíyàn wà. Bí ó bá fẹ́, kí ó dúró. Bí kò bá fẹ́, kí ó tú àdéhùn ká, kí ó sì máa lọ láìsan owó ọjọ́ tí kò gbé. Nítorí kí ni? Nítorí pé títa ìwúlò ni ilé yíyá jẹ́ lójú ṣàríà. Ibi tí ìwúlò bá ti dúró, owó náà dúró. Nítorí náà, onílé tí kò tún ilé ṣe, tí kò sì dá owó padà, kò rí ibi fi ẹ̀yìn tì nínú ìwé Imam Malik.

Òfin ìjọba náà kò dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan àwọn àdúgbò tí mẹ̀kúnnù pọ̀ sí. Ó sọ pé, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, onílé ni yóò máa tún ìta ilé ṣe àti àwọn ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò. Kí ni ibi àjọlò bí kò ṣe gééti, àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ó ní onílé kò gbọdọ̀ da ìfọ̀kànbalẹ̀ ayálégbé láàmú. Ó ní bí onílé bá fẹ́ wo inú ilé, kí ó kọ ìwé ṣáájú, kí ó sì jẹ́ ojú ọ̀sán. Ó ní kí onílé má béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ó bá sì gba owó kọ́ṣọ̀n tàbí owó iṣẹ́ àjọlò, kí ó kọ rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì máa fi àkọsílẹ̀ hàn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà nípa bí ó ti ná an. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ọlọ́dẹ fún onílé lóṣooṣù tí ẹ kò rí ọlọ́dẹ kankan, ẹ ti béèrè àkọsílẹ̀ rí?

Òfin náà ní tirẹ̀ fún ayálégbé: kí ó tọ́jú inú ilé dáadáa. Nítorí náà ni ìjà fi máa ń bẹ́ sórí kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn, torí pé àárín inú àti ìta ni ó wà. Oògùn ìjà náà ni kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Al-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ni ó wà. Ọlọ́hun mọ ìdí tí Ó fi fà á gùn fún wa.

ÀÀBÒ TÍ Ó DI ẸWỌ̀N

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Àwọn onílé kan wà tí wọ́n gbọ́ 'ààbò' tí wọ́n sì sọ ilé di ẹ̀wọ̀n. Wọn a ti gééti ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọn a fi ọmọ kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, nọ́ọ̀sì tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn náà, òde ni yóò sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kírun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí yóò dúró kí láńlọ́ọ̀dù jí. Ìyàwó tí ó bá ń rọbí lóru ńkọ́?

Iná ni a sì bẹ̀rù jù. Irin ojú fèrèsé tí a jó mọ́ra pa ń dènà olè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará inú ilé ni irin náà ń ṣọ́. Nígbà ayé Ànábì, ilé kan jóná mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ní Mẹ̀dínà lóru. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní ọ̀tá wa ni iná, kí á máa pa á kí á tó sùn. Nítorí náà, ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan, kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ní ìdè bí ilẹ̀kùn, kí ó ní àgádágodo láti inú, kí ọmọ rẹ̀ sì wà níbi tí gbogbo àgbà ilé mọ̀, tí ọwọ́ ẹni tí ó wà níta kò lè tó. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ kọ́kọ́rọ́ gééti tirẹ̀. Ilẹ̀kùn rere ni èyí tí olè kò lè ṣí, tí onílé inú rẹ̀ sì lè ṣí nígbàkígbà.

Ẹ̀YIN AYÁLÉGBÉ NÁÀ Ń KỌ́?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. A kò ní bá onílé wí kí á fi ayálégbé sílẹ̀. Àwọn kan nínú yín ni ó ń ṣí gééti sílẹ̀ gbayawu nítorí pé kì í ṣe ilé bàbá wọn. Àwọn kan ń gé ọmọ kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́, fún àbúrò ọ̀rẹ́, fún ẹni tí wọ́n pàdé ní ibùdókọ̀. Àwọn kan ń gba àlejò ọjọ́ mẹ́ta tí ó ń lo oṣù mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dá owó ọlọ́dẹ àdúgbò, wọn a sá pamọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní owó ìgbàlejò òde ìgbéyàwó.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ́rùn le jù ni ti ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde. Gbogbo ọmọ kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kó wọn lé onílé lọ́wọ́, títí kan èyí tí ẹ gé fúnra yín. Nínú Súrà An-Nisā, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí á dá àmánà padà fún ẹni tí ó ni ín. Kọ́kọ́rọ́ ilé tí o ti kó kúrò, àmánà oorun ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ni.

OHUN TÍ A Ń FẸ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ilé, ẹ má fi ìwàdùwàdù san owó. Ẹ lọ wo ilé náà lọ́sàn-án, kí ẹ tún padà lọ wò ó lálẹ́, kí ẹ rí bí iná ṣe wà lójú ọ̀nà àti irú àwọn tí ń jókòó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá olè máa ń jà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ béèrè iye ọmọ kọ́kọ́rọ́ tí ó wà àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n wà. Kí ẹ tó ka owó, kí a ti kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé ta ni yóò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ta ni yóò tún gééti ṣe, ọjọ́ mélòó ni yóò fi ṣe é lẹ́yìn tí a bá ti kọ̀wé sí i. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112.

Ẹ̀yin onílé, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ayálégbé kan bá jáde, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ kí òmíràn tó wọlé, kí ẹ sì kó gbogbo ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ gbé ògiri tí ó wó dìde. Ẹ fi iná sí àtẹ̀gùn. Owó kọ́kọ́rọ́ tuntun kò tó owó ìpápánu tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ṣe àlejò lọ́jọ́ ìṣílé.

Níkẹyìn, a yí ojú sí àwọn mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ wa gbogbo, títí kan ẹgbẹ́ tí ó ń tẹ ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé tí à ń yá ènìyàn, tí à ń fi owó rẹ̀ tún mọ́ṣáláṣí ṣe. Kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ wo ilẹ̀kùn àwọn ilé náà kí Jímọ́ọ̀ tí ń bọ̀ tó kò. Bí a bá rí ilẹ̀kùn tí kò tì níbẹ̀, kí á tì í kí á tó gun míńbárì lọ bá onílé kankan wí. Ẹ má jẹ́ kí á fi owó oorun ẹlòmíràn ra kápẹ́ẹ̀tì tí a ó máa forí kanlẹ̀ lé.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilé wa tù wá lára, kí Ó ṣọ́ wa lójú oorun àti lójú ìjí, kí Ó sì fún olúkúlùkù wa ní agbára láti san gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ kí ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀ tó dé. Àmín.